Ìró Ọrùn Bàbá

Fù-ùn. Fù-ùn. Fù-ùn.

Bí ẹni tó ń fẹ́ iná tí kò fẹ́ ràn. Bí atẹ́gùn tó há sábẹ́ ilẹ̀kùn. Nínú gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí gbọ́ ní kékeré, èyí nìkan ni ọjọ́ orí kò rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ a gbé e kọ́ èjìká, òun a rọ orí sí ọrùn bàbá náà lápá òsì, ibẹ̀ ni ìró náà ti ń jáde wá. Lábẹ́ awọ. Nínú ẹran ara.

"Bàbá, kí ló ń fọn nínú yín?"

Oníṣègùn ni bàbá, òkìkí rẹ̀ sì ti sọdá odò kí ó tó bí ọmọ kankan. Ẹ̀rín ni yóò fi dáhùn. "Agbára ni, ó ń rìn kiri. Ọrùn ẹni tí kò bá ní i a dákẹ́ bí kànga tó gbẹ. Ìwọ elétí ehoro yìí, kí ni etí rẹ kì í gbọ́?"

Bí orúkọ ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Elétí-ehoro ló ń jẹ́ nínú ẹbí títí irun rẹ̀ fi funfun.

Ọ̀sán gangan ni bàbá máa ń ṣe iṣẹ́ tó le jù, ní yàrá ẹ̀yìn, ní àkókò tí òjìji ènìyàn bá sá pamọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ìso ni. Ohun tó fi ń so ènìyàn mọ́lẹ̀ kò ju òwú dúdú àti èèpo igi kan tó máa ń jẹ lẹ́nu lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó jáde síta, ó fi ọwọ́ bo ojú òsì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí nǹkan he.

"Ojú mi ṣú! Ó ti bá a! Ẹni tí mo so ti ń lọ!"

Àmì tí wọ́n fi ń mọ̀ nídìí iṣẹ́ náà nìyẹn, òun náà ló sì fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀: bí ojú ẹni tó ń so bá ṣú fìrí, tó tún là padà, ẹni tó so ti kó sínú okùn.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí bàbá fi ṣubú. Ẹnu wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún di igi gbígbẹ, ohùn tó ń dá jìnnìjìnnì bo àgbà kò lè pe omi mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló kú.

Àrẹ̀mọ ilé náà, ọmọ ìyáálé, ni wọ́n ń pè ní Asomátùú, torí kókó tó bá ta, eyín ni wọ́n fi ń tú u. Òun ló dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ó na ìka sí ìyá Elétí-ehoro.

"Obìnrin yìí ló ta á lọ́fà."

Kò sí ẹni tó bi í pé níbo ló ti rí ọfà. Ìyá náà di ẹrù rẹ̀, ó fa ọmọ lọ́wọ́, ó jáde. Orúkọ apakọ, obìnrin tó pa ọkọ rẹ̀, ló jẹ́ títí ayé rẹ̀, orúkọ náà ló sì gbé wọ ilẹ̀ lọ.

*

Ẹni tí wọ́n bá lé nílé, ọ̀nà ni yóò máa rìn. Elétí-ehoro rìn jìnnà. Ó kàwé, ó tún ìwé kà, ó di onímọ̀ nípa iṣan ẹ̀jẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé òye ló ń wá. Ẹni tó pa bàbá rẹ̀ ló ń wá, inú iṣan ló sì ti ń wá a.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Wọn a mú iṣan ẹ̀jẹ̀ ehoro, wọn a gé e ní òrùka òrùka bí ẹni gé àlùbọ́sà. Wọn a fi okùn sílíkì tín-ínrín so òrùka kan kọ́ sínú ìgò omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí atẹ́gùn ń hó nínú rẹ̀. Ehoro ti kú, ṣùgbọ́n ìròyìn kò tíì dé ọ̀dọ̀ iṣan. Bí ohun tó ń dùn ún bá kán sínú omi, a fún ara rẹ̀ pọ̀. Bí ohun tó tù ú bá kán sí i, a dẹ̀. Ìlà kan lójú kọ̀ǹpútà ló ń ròyìn rẹ̀: ó fún, ìlà gòkè, ó dẹ̀, ìlà sọ̀ kalẹ̀.

Kò pẹ́ tó sọ̀rọ̀ lórí rédíò nípa ewé kan tí bàbá rẹ̀ máa ń fi tú ohun tó bá so, ewé tí òun ti dán wò tó sì ń dẹ iṣan, ni páálí kékeré kan dé sórí tábìlì rẹ̀ níbi iṣẹ́. Kò sí orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Òwú dúdú ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ta ní kókó kókó, tí nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ gbẹ mọ́ lára. Ó gbé e símú. Òórùn yàrá ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ni.

Ó wo agogo ara ògiri. Ọ̀sán ti pé.

Ìka ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ tutù. Lẹ́yìn náà wọ́n funfun, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó tọwọ́ bọ ẹfun. Nǹkan kan gbá àyà rẹ̀ mú láti inú, kò yára, ó ń fún un díẹ̀díẹ̀ bí ẹni fún aṣọ tútù. Ó rọ̀ mọ́ tábìlì. Bí ojú rẹ̀ ṣe bọ́ sára kọ̀ǹpútà nìyẹn.

Ìlà ń gòkè. Òrùka iṣan tó wà nínú omi lásán, tí ẹnikẹ́ni kò kán nǹkan sí, ń fún ara rẹ̀ bí ìkúùkù.

Lẹ́yìn náà ohun gbogbo tú. Ìlà sọ̀ kalẹ̀. Ìka rẹ̀ pọ́n padà. Nínú gbọ̀ngàn, ẹnì kan ń ti kẹ̀kẹ́ ìgò kọjá, ó ń súfèé.

*

Ní ìhà kejì, nínú yàrá ẹ̀yìn kan náà, Asomátùú pa ẹnu dé. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì nà bí ọ̀pá. Aṣọ dúdú bo fèrèsé. Ó jẹ èèpo náà kúnná, ó gbé omi rẹ̀ mì, torí bàbá ti wí fún un pé ẹni tó bá tu ú dànù, agbára ló tu dànù. Ó fi ìyókù ra òwú lára, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta kókó.

"Mo so ọ́ lápá, mo so ọ́ láyà. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ rẹ, kó dí bí ọ̀nà oko tí ẹnìkan ò rìn mọ́. Ohun tó ń ṣàn nínú rẹ, kó dúró bí omi inú agbada. Ewé lo pe Bàbá, àbí? Ọkùnrin tó ń jókòó síhìn-ín so ènìyàn lẹ́yìn odò, òun lo sọ di alágbo lórí rédíò!"

Ilẹ̀kùn dún. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni, olùkọ́ ni, ìsinmi ilé-ìwé ló gbé e wálé.

"Bàbá, oúnjẹ ti tutù."

"Jẹ́ kó tutù. Ohun tó gbóná wà lọ́wọ́ mi."

"Ta ni ẹ ń bá jà nínú yàrá tí ẹ nìkan wà?"

"Ẹni tí kò ní pẹ́ dákẹ́. Lọ gbé fóònù mi wá kí n wò bóyá ìròyìn ti dé."

Òwú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Ó tún bọ́. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún náà bí ẹni wo ọmọ tó ya aláìgbọràn, ó wá fi òsì gbé òwú.

*

Páálí mìíràn dé, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá dé, ìka Elétí-ehoro a funfun lọ́sàn-án. Ó lọ rí oníṣègùn ọkàn tó wà ní àjà òkè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, aláwàdà gbáà. Ìyẹn yẹ̀ ẹ́ wò látorí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, iṣan yín dára ju tèmi lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kú, ẹ máa wá nǹkan mìíràn."

"Ìka mi ńkọ́?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ìka yẹn," ó ní, "mi ò mọ̀."

Nílé, àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, arúgbó tí gbogbo ẹbí ń pè ní Ìyá Ata nítorí ẹnu rẹ̀. Nígbà tí ó rí òwú, kò fọwọ́ kàn án. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì bí ẹni ti òkú eku.

"Mo mọ iṣẹ́ ilé yẹn. Ṣé ó ti dé ibi ìwọ náà? Wọ́n lé ẹ̀gbọ́n mi, kò tó wọn?"

"Ẹ jókòó, Ìyá Ata."

"Mi ò jókòó. Dá a padà! Ìwọ náà ọmọ bàbá rẹ ni, o mọ ọ̀nà. Àbí gbogbo ìwé yẹn kò kọ́ ọ ní ohun kan ju bí wọ́n ṣe ń pa ehoro?"

Elétí-ehoro ti gbé àwọn òwú náà sábẹ́ iná, ó sì ń wo kókó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti ń so òrùka iṣan ní gbogbo ayé rẹ̀, ó ń ka kókó bí ẹlòmíràn ṣe ń ka ojú ènìyàn. Bàbá kan náà ló sì kọ́ òun àti Asomátùú ní kókó yìí.

Òwú àkọ́kọ́: kókó le koko, abẹ́rẹ́ kò lè wọ ibẹ̀. Òwú tó tẹ̀ lé e: ó le, ṣùgbọ́n ó wọ́. Èyí tó dé kẹ́yìn: ó fi ìka fà á lẹ́ẹ̀kan, ó tú.

"Ìyá Ata," ó ní jẹ́jẹ́, "kókó Asomátùú ti ń tú."

*

Níbi iṣẹ́, Elétí-ehoro ha nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ náà, èèpo tí wọ́n jẹ lẹ́nu, kúrò lára òwú, ó pò ó mọ́ omi, ó sì kán an sínú ìgò. Òrùka iṣan fún ara rẹ̀ pìkì. Kò dẹ̀. Ó wá fa omi ewé bàbá rẹ̀, ìtú, ó kán an sí i. Ìlà dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, ó wá sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó mí kanlẹ̀. Ìso ti pàdé ìtú, bíi ti ayé àtijọ́.

Ó tún un ṣe nínú ìgò kejì. Èèpo: ó fún. Ewé: kò gbọ́. Ó tún kán ewé sí i. Ìlà dúró lókè gangan bí agídí ọmọ.

Ó gbé òrùka náà sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó rí àṣìṣe ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbọ̀n láàárọ̀, ẹnu irin tó fi mú iṣan ti fara ha inú rẹ̀. Awọ kan wà nínú iṣan tó fẹ́lẹ́ ju awọ inú ẹyin lọ. Òun ni etí iṣan. Bí o bá ha á kúrò, iṣan ya adití apá kan: ó ń gbọ́ "fún", kò gbọ́ "tú" mọ́.

Ẹlòmíràn ì bá da òrùka náà nù kí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun. Òun jókòó tì í. Ìbéèrè kan ti dì mọ́ ọn lọ́kàn. Ó mú òrùka tó dára, tí irin kò fara kàn nínú, ó fi í sínú omi èèpo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lágbára rárá, bí ẹni tó ń jẹ díẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń pààrọ̀ omi náà ní ọ̀sán kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó padà gbé e sábẹ́ awò, awọ fẹ́lẹ́ náà ti ń ṣí kúrò, bí ọ̀dà ara ògiri àtijọ́. Kò sí irin tó kàn án. Èèpo nìkan ni.

Ta ló ń jẹ èèpo náà lójoojúmọ́? Kì í ṣe ẹni tí wọ́n fi òwú ránṣẹ́ sí.

Ibi tí awọ bá ti ṣí nínú iṣan, ìdọ̀tí a kó jọ síbẹ̀ bí ẹrẹ̀ ní kọ̀rọ̀ odò. Ọ̀nà a dín. Ẹ̀jẹ̀ tó ń fi ipá gba ọ̀nà tóóró kọjá, ó ń ké. Bí ègé ìdọ̀tí kékeré kan bá já níbẹ̀, tó bá sọ̀ sójú, ojú a ṣú fìrí. Bí èyí tó tóbi jù ú lọ bá gòkè sí ọpọlọ, ọwọ́ a kú, ẹnu a wọ́.

Fù-ùn. Fù-ùn.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àárín àwọn ìgò. Kì í ṣe agbára ló ń rìn lọ́rùn bàbá. Kò sí ọ̀tá, kò sí ọfà. Ẹnu bàbá fúnra rẹ̀ ni ikú gbà wọlé, lọ́sàn-án kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìyá rẹ̀ rìn kiri pẹ̀lú orúkọ apakọ nítorí èèpo igi.

Ó ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí ọ̀sán pé. Ìka rẹ̀ funfun. Nínú ìgò omi lásán lókè orí rẹ̀, òrùka kan tún fún ara rẹ̀, ìlà sì gòkè. Ìyẹn kò tíì ní àlàyé títí dòní. Ó gbé ọwọ́ funfun náà sókè, ó wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín sí i.

"Fún mi dáadáa," ó ní. "Mo ti rí ọ."

*

Asomátùú wà nídìí kókó nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Nǹkan dúdú wálẹ̀ lójú òsì rẹ̀, láti òkè, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ fèrèsé bo ilé. Ojú kejì ṣì ń rí ògiri, ó ń rí òwú. Ẹ̀rù kò bà á. Ohun tí ó ti ń dúró dè ni. Aṣọ náà tún ká kúrò díẹ̀díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wọlé.

Ó bẹ́ síta, ó ń jó.

"Ojú mi ṣú! Ó ti bá a! Ọmọ apakọ ti ń lọ!"

Ọmọ rẹ̀ sáré dé, ó dì í mú kó má baà ṣubú, etí rẹ̀ kan ọrùn bàbá rẹ̀. Ó dúró sójú kan.

"Bàbá, kí ló ń fọn nínú yín?"

"Agbára ni," Asomátùú ní, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Lọ́la, bí ọ̀sán bá ti pé, n ó ta kókó ìkẹyìn."

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni fóònù Elétí-ehoro dún. Kò mọ ohùn náà rí.

"Bàbá kékeré, ẹ má bínú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni. Inú fóònù Bàbá ni mo ti jí nọ́ńbà yín. Mi ò mọ ohun tó wà láàárín yín, ṣùgbọ́n..." Ó ròyìn gbogbo rẹ̀: èèpo, òwú, ojú tó ṣú, ife tó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún láàárọ̀ yẹn, ìró inú ọrùn.

"Ojú wo ló ṣú?"

"Òsì."

Ó di ojú tirẹ̀. "Gbé e lọ sílé ìwòsàn báyìí. Sọ fún wọn pé kí wọ́n gbọ́ ọrùn rẹ̀."

"Ó kọ̀. Ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ojú ihò kọ́kọ́rọ́ ni mo ti ń wò ó. Mo ti gba ọkọ̀, ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ó ń ṣe bíi pé mi ò sí níbẹ̀. Fóònù rẹ̀ nìkan ló ń wò."

"Ó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá, n ó fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ó ń dúró de ìròyìn ikú yín."

Ìyá Ata ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ìdáná. Ó wọlé, ó gbé ọ̀pá lé orí fóònù náà, bí ẹni tó fẹ́ pa á.

"O ò ní fi nǹkan kan ránṣẹ́."

"Ìyá Ata."

"Dákẹ́ ni mo wí! Ìwọ kò so ẹnikẹ́ni. Ìwọ kò ta ẹnikẹ́ni. Ẹnu rẹ̀ ló fi ń pa ara rẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ti ṣe, kí ló wá kàn ọ́ níbẹ̀? Jókòó, mu tíì, jẹ́ kí ọ̀sán pé. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò ọ́ látọ̀run."

"Òun gan-an ni mo ń rò. Bí ọkùnrin yẹn bá ṣubú lónìí, kí ni wọn yóò wí nílé yẹn?"

Ọ̀pá Ìyá Ata kò kúrò lórí fóònù.

"Wọ́n á ní ọmọ obìnrin yẹn ló ta á lọ́fà. Ìyá mi á pa ènìyàn lẹ́ẹ̀kejì, nínú ilẹ̀ tó wà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ẹ ń wí yìí, ìso ni òun náà. Wọ́n fẹ́ kí n so ènìyàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi sílé yẹn. Mi ò ní so ó. Mi ò so fún bàbá mi, mi ò ní so fún ẹ̀yin náà."

Arúgbó náà gbé ọ̀pá kúrò lórí fóònù.

"Kọ ọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí mo bá rí 'ẹ jọ̀wọ́' nínú rẹ̀, n ó fi ọ̀pá yìí là ọ́ lórí."

Elétí-ehoro kọ ọ́, ó pa á rẹ́. Àlàyé pọ̀ jù. Ó tún un kọ, ó tún pa á rẹ́. Ìbínú pọ̀ jù. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí, òjìji ìgò omi lójú fèrèsé ti kúrú bí èékánná. Ìka rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ó fi ìka funfun náà kọ ọ́ tán, ó sì tẹ̀ ẹ́ lọ:

"Ẹ̀gbọ́n, èmi Elétí-ehoro ni. Ìròyìn tí ẹ ń retí kọ́ nìyí: mi ò kú, mi ò sì ní kú lọ́sàn-án yìí. Ojú òsì yín tó ṣú lánàá, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Bàbá ṣe ṣú, ó rẹ́rìn-ín, ó ṣubú lọ́jọ́ kejì. Ẹ wà níbẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún yín ti ń kú lọ, mo rí i lára kókó yín. Ẹ fi ìka dí etí, kí ẹ gbọ́ ohun tó ń fọn lọ́rùn yín. Ọrùn Bàbá ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kì í ṣe agbára, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ yín ló ń dí. Ìyá mi kò ta ẹnikẹ́ni lọ́fà. Ohun tó wà lẹ́nu yín báyìí ló pa Bàbá. Ewé kò lè tú u mọ́, ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ló kù. Ọmọ yín ti gbé ọkọ̀ dúró dè yín, ẹ wọ̀ ọ́. Bí ara yín bá yá tán tí ẹ ṣì fẹ́ so mí, ẹ ránṣẹ́. N ó fẹsẹ̀ ara mi wá, lọ́sàn-án gangan, n ó na ọrùn sílẹ̀ fún yín, ẹ óò so ó lójú mi. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tu nǹkan yẹn dànù. Báyìí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ tu ú."